Ìbọn Tí Kò Mọ Àna

Bí òjò bá ń rọ̀ ní Ìlọ́bù, tí ó sì ń rọ̀ ní Ìfọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú méjèèjì ni òjò kì í pa nínú yàrá nítorí iṣẹ́ ọwọ́ Jàlálù. Káfíńtà ni. Àwọn kan a máa ní ó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀, òrùlé nìkan. Láti ìgbà tí ó ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó ti ń gun orí ilé onílé kiri, kò sì sí onílé tó bi í rí pé ọmọ ìlú wo ni.

Orí òrùlé náà ni ó wà ní Ìfọ́n nígbà tí ó kọ́kọ́ rí Munirah. Ọmọbìnrin náà gbé omi jáde fún àwọn òṣìṣẹ́. Jàlálù sọ̀kalẹ̀, ó mu omi, ó ní kó bu òmíràn wá. Ó mu ìyẹn náà, ó tún ní kó bu sí i. Ìyá ọmọ náà, Àbẹ̀ẹ́kẹ́, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ó ní, "Káfíńtà, òùngbẹ yìí kì í ṣe ti omi."

Kí òrùlé náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà ni wọ́n ti so yìgì.

Ìjà ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì ju Jàlálù lọ lọ́jọ́ orí. Bí ó bá rọlẹ̀, wọ́n á máa fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n á máa ra iṣu lọ́wọ́ ara wọn. Bí ó bá tún ru, oníkálukú á rántí ìlú bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó ru kẹ́yìn, iná jó ṣọ́ọ̀bù Jàlálù ní Ìlọ́bù tó jẹ́ ìlú tirẹ̀, gbogbo pákó tó kó jọ síbẹ̀ di eérú. Kò mọ ẹni tó dáná sí i. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀, irọ́ ni ó ń pa, nítorí kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í dúró de ẹ̀rí. Jàlálù tọ Bàbá Ògúnṣínà alágbẹ̀dẹ lọ, ó sì ra ìbọn ìléwọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kékeré, tí kò gùn ju òòlù káfíńtà lọ, tí kì í gbà ju ọta kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ọdẹ. Kò yìnbọn rí láyé rẹ̀. Ó kàn fẹ́ rí oorun sùn ni.

Nígbà tó yá, ìlú tòrò. Kónílé-ó-gbélé kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn sójà kó ẹrù wọn, ọ̀nà Ìfọ́n là. Jàlálù fi àkísà wé ìbọn náà tòun ti ọta inú rẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tí Munirah àti ọmọ-ọmọ wọn, Aishat, máa ń sùn sí. Màmá Aishat, Malikah, ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló fi ọmọ sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Munirah fa báàgì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Àkísà náà bá báàgì bọ̀. Bí ìbọn ṣe kan ilẹ̀ ni ó dún.

Nígbà tí Jàlálù wọlé dé, ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Malikah, ẹ wá wo nǹkan."

Ihò kékeré kan ni ó wà nínú fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì, ní apá ògiri, níbi tí Aishat máa ń kó ara jọ sí bí ológbò. Jàlálù ki ìka bọ̀ ọ́. Ìka náà wọlé tán.

"Aishat dà?"

"Ó wà nílé-kéwú. Ilé-kéwú ni ó wà, alihamudulilahi." Munirah ti ń wí alihamudulilahi láti ọ̀sán títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ẹ tà á, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ jẹ ẹ́. Èmi àti ẹ̀ ò ní jọ sùn nínú ilé yìí."

"Bí ìjà bá tún dé ńkọ́?"

"A ó sá. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣàdédé dún."

Jàlálù gbé ìbọn náà padà lọ bá Bàbá Ògúnṣínà. Bàbá náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé e sétí bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é. Má kàn gbá a mọ́lẹ̀."

"Ó já bọ́ fúnra rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyẹn náà, gbígbá mọ́lẹ̀ ni. Irin tó ń gbá ọta nídìí, kò sí nǹkan tó dì í mú. Bí irú wọn ṣe rí nìyẹn. Ìwọ lo ní o fẹ́ èyí tó yá. Èyí tó yá nìyí."

Nítorí náà, àlébù náà kò ní àtúnṣe. Ó ku kí ó pa á mọ́ tàbí kí ó tà á, ẹni tí yóò rà á sì ti wà nílẹ̀. Tàófíìkì, tó ń bu búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà, ti ń ṣọ́ Jàlálù kiri bí ẹni ń ṣọ́ àkàrà lórí iná, nítorí àwọn olè ti ń kó sìmẹ́ńtì rẹ̀.

"Bọ̀dá Jàlálù, ẹ fi ṣe èmi lóore. Ohun tí ẹ bá ní kí n san ni n óò san."

Nílé-kéwú ni Jàlálù ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tó lábùkù gbọ́dọ̀ fi àbùkù náà han ẹni tó ń rà. Ó fi hàn án. Ó sọ nípa kọ́bọ́ọ̀dù, ó sọ nípa fóòmù.

Tàófíìkì rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìbọn ló ń dún, Bọ̀dá. Èyí tí kò bá dún ni wọ́n ń dá padà."

Ìdáhùn yìí ni kò jẹ́ kí Jàlálù lè tà á lọ́jọ́ náà. Àwọn kan rò pé bí a bá ti sọ àbùkù ọjà, ọrùn wa ti mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹni tí a sọ ọ́ fún bá gbọ́ ọ. Bí Jàlálù bá ta ìbọn yìí fún ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ihò inú fóòmù Aishat ni ó kàn gbé lọ sórí fóòmù ọmọ ẹlòmíràn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí kò sọ jáde: bí ìjà bá tún dé, ta ni Tàófíìkì máa kọ ẹnu ìbọn náà sí? Àwọn àbúrò Munirah wà ní Ìfọ́n. Síbẹ̀, bí ó bá rántí eérú pákó rẹ̀, kò lè sọ ọ́ nù.

Ó ní, "Jẹ́ kí n rò ó wò. Wá lọ́jọ́ Sátidé, n óò fún ọ lésì."

Kí Sátidé tó pé, níbo ni yóò gbé e sí? Orí kọ́bọ́ọ̀dù ti di èèwọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò tíì ní ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ-iṣẹ́ a máa tú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó wá rí ọgbọ́n kan dá, ọgbọ́n tí ó dára lójú ẹni tí ẹ̀rù ń bà: ó ki ọta mìíràn sínú ìbọn náà nítorí ìjà kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé, ó kó ìyókù sápò, ó ki ìbọn bọ ìbàdí lábẹ́ dàńṣíkí, ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sì di bẹ́líìtì lé e. Ara òun kò ní ṣe bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọdé kankan kò lè gùn ún. Nígbà tí Munirah bi í, ó dáhùn pé, "Mo ti gbé e kúrò nílé." Kì í ṣe irọ́. Ààbọ̀ òótọ́ ni, òun ni ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ irọ́ jù.

Ní àárọ̀ Sátidé náà gan-an ni ìpè wọlé láti Ìfọ́n pé wọ́n ti ṣí ojú Ìyá Àbẹ̀ẹ́kẹ́, ìyá Munirah, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún, ó sì ń ríran. Ó ní àna òun ni òun fẹ́ rí. Láti ìgbà ìjà, Jàlálù kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé náà. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, òun àti Munirah wọ mọ́tò. Ó yẹ kó yọ ìbọn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Aishat wà nílé, ọ̀nà Ìfọ́n sì ni ó ń lọ.

Ọ̀nà náà kò jìn. Ní ìhà Ìlọ́bù àti ní ìhà Ìfọ́n, àwọn ilé tó jó ṣì dúró láìlórùlé. Jàlálù ń wò wọ́n bí ẹni ń wo sàréè. Èyí tó wà lápá ọ̀tún yẹn, òun ló kàn án. Tọ̀hún náà, òun ni. Kò lè dá èyí tó jẹ́ ti ìlú tirẹ̀ mọ̀ nínú wọn. Ìṣó kan náà ni ó fi kan gbogbo wọn.

Ìyá Àbẹ̀ẹ́kẹ́ jókòó nínú pálọ̀, ó de gèlè funfun. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó na ọrùn, ó ń wo Jàlálù láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àṣé o ti hewú báyìí? Àwọn ọmọ yìí ò sì sọ fún mi."

Omi bọ́ lójú Jàlálù. Ìdùnnú gbé gbogbo nǹkan kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa tẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi ìka kan kan ilẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti dọ̀bálẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tó ń ṣa abẹ́rẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ àna gbọ́dọ̀ kan àyà, kó kan ikùn, kó kan orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Jàlálù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe. Munirah kúnlẹ̀ lápá òsì rẹ̀. Òun na ara gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára ìfẹ́ tó ní.

Ìbọn dún lábẹ́ rẹ̀.

Ọta náà gba inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ọ̀tún jáde lẹ́yìn, ó fi ilẹ̀ pálọ̀ rìn, ó sì wọ inú àmù tó wà ní igun ẹnu ọ̀nà. Àmù náà fọ́ yángá. Omi tú jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ síta.

Jàlálù kò lè mira. Ó ń retí ìrora ní itan, kò rí i. Ohùn Ìyá Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbọ́, pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Malikah, mo ti gbọ́ ìkíni rẹ. Dìde nílẹ̀."

Munirah fà á dìde. Ó fọwọ́ pa itan rẹ̀ wò, ó pa á wò títí. Ihò wà lára aṣọ, kò sí lára ẹran. Ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ní ẹ ti gbé e kúrò nílé."

"Mo gbé e kúrò nílé."

"Sínú ilé ìyá mi."

Ní ìta, ẹsẹ̀ ti ń dún. Ìbọn dún ní Ìfọ́n, ọmọ Ìlọ́bù sì wà nínú ilé: àlàyé wo ni yóò tó? Jàlálù ti rí òpin ìtàn náà. Ilé yìí yóò jó, òrùlé tí òun fọwọ́ ara òun kàn. Bí ìròyìn bá sì dé Ìlọ́bù pé wọ́n ti mú Jàlálù, ilé ẹlòmíràn yóò jó níbẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ẹ́kẹ́ dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an, ó fi ara dí i.

Ẹnì kan bi í láti ìta pé, "Ìyá Munirah, kí ló dún?"

"Àmù mi ló fọ́. Ẹ ò rí omi?"

"Àmù wo ló ń dún báyẹn?"

"Àmù àtijọ́ ni. Ti ayé ìsinsìnyí ò lè dún tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé láìgba àyè. Bàbá Fáwẹ̀mí ni, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ọdẹ ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n jó abà rẹ̀ nígbà ìjà. Ó dúró láàrin pálọ̀, ó fa imú.

"Ẹ kú ìjókòó," ni ó wí. "Ó pẹ́ tí mo ti ń rí i tí àmù ń fọ́. Mi ò gbọ́ òórùn ẹ̀tù ìbọn lára àmù rí."

Jàlálù ṣe ohun tí ara rẹ̀ mọ̀: ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

Bàbá Fáwẹ̀mí ní, "Dúró. Má kí mi. Yọ ọ́ kúrò níbàdí ná."

"Ọta kan ló ń gbà, Bàbá. Ó ti tán nínú ẹ̀."

"Ẹni tó mọ iye ọta tó wà nínú ìbọn ni ìbọn máa ń pa. Yọ ọ́."

Jàlálù yọ ọ́ pẹ̀lú ìka méjì, bí ẹni yọ eku tó kú. Bàbá Fáwẹ̀mí gbà á, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀ sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ó mi orí.

"O mọ̀ pé wọ́n jó abà mi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ kú àdánù."

"Wọ́n ní wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù tìẹ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mi ò mọ ẹni tó jó tèmi. Ìwọ náà ò mọ ẹni tó jó tìẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá jáde nísinsìnyí tí mo sọ ohun tó dún, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló mọ̀."

Ó fi ìbọn náà sórí àga, ó sì jáde. Munirah di apá ọkọ rẹ̀ mú. Wọ́n gbọ́ ohùn bàbá náà níta, tí kò yára, tí kò sì ga.

"Mo ti wò ó. Àmù ni. Ẹ máa lọ sílé yín, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí rí àyè nu ilẹ̀."

Àwọn èrò náà tú ká ní méjì-méjì. Nígbà tí Bàbá Fáwẹ̀mí padà wọlé, Jàlálù ti ń sunkún bí ọmọdé, kò sì tijú. Ó gbé ìbọn náà, ó nà án sí i.

"Ẹ gbà á, Bàbá. Ẹ bá mi gbà á."

"Mi ò gbà á. Bí mo bá gbà á, lọ́jọ́ kan ọkàn rẹ á sọ fún ọ pé Ìfọ́n gba nǹkan ìjà lọ́wọ́ rẹ, wàá sì lọ ra òmíràn. Àwọn ọta tó kù lápò rẹ ni kí o fún mi. Irin yẹn, ìwọ tó gbé e wá ni kí o gbé e lọ. Ìwọ náà ni kí o mọ ohun tí wàá fi ṣe."

Ìyá Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ti mú ìgbálẹ̀. Munirah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà jókòó, ó ń wo ṣòkòtò Jàlálù.

"Ojú mi yìí dára o," ni ó wí. "Mo rí ihò yẹn látibí."

Nígbà tí wọ́n padà délé ní ìrọ̀lẹ́, Tàófíìkì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ilé, ó ń dúró de èsì. Jàlálù kò kí i títí. Ó fi ihò ṣòkòtò hàn án, ó sì ròyìn bí ó ti rí, láti orí kọ́bọ́ọ̀dù dé orí ilẹ̀ pálọ̀. Tàófíìkì rẹ́rìn-ín níbi ìdọ̀bálẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni àna tèmi wà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ mọ̀ wọ́n."

"Mo mọ̀."

Jàlálù wọlé, ó mú ayùn tí wọ́n fi ń gé irin jáde. Ó gbé ìbọn náà lé orí búlọ́ọ̀kù tí Tàófíìkì dìde lórí rẹ̀.

"Di ibẹ̀ yẹn mú fún mi."

"Bọ̀dá, ohun tí mo fẹ́ rà ni mo dì mú yìí."

"Òun ni. Má jẹ́ kó mì."

Ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Irin náà le. Òógùn bo Jàlálù, ó sì ń dúpẹ́ lábẹ́ èémí bí ó ti ń fà á: ọpẹ́ ilé-kéwú, ọpẹ́ ẹran itan, ọpẹ́ obìnrin tó fi ara dí ẹnu ọ̀nà, ọpẹ́ ọkùnrin tí abà rẹ̀ jó tí kò sì sọ. Ìbọn kọ́ ni ó gbà á là lọ́jọ́ náà. Kò sí nínú àwọn tó gbà á tó mú ohun ìjà dání. Nígbà tí irin náà já sí méjì, ó tún gé èyí tó gùn nínú wọn, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ihò ṣaláńgá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé. Munirah dúró tì í títí ó fi gbọ́ tí wọ́n kan ìsàlẹ̀.

Tàófíìkì ṣì dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. "Sìmẹ́ńtì mi ńkọ́ wàyí, Bọ̀dá?"

"N óò kan ilé pákó fún un, n óò sì kan ilẹ̀kùn tí olè á fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Ṣé òrùlé nìkan lo rò pé mo mọ̀ ọ́n kàn ni?"

Nígbà tí ó tún ń lọ sí Ìfọ́n, ó kọ́kọ́ yà sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó ra àmù tuntun. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò bí ọmọ tuntun, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ní igun ẹnu ọ̀nà Ìyá Àbẹ̀ẹ́kẹ́, ó sì bọ́ síwájú láti kí i. Bí ó ti ń tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì nìkan ni ó bá níbẹ̀.

Ó wá na ara. Àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀, orúnkún kan ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà tutù. Kò yára dìde.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Malikah. Dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é dáadáa, Ìyá. Ti ìjọ́sí kò pé."

"Ó pé jù."

Láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn Bàbá Fáwẹ̀mí wọlé. "Ìyá Munirah, wọ́n ní àna wa dé. Ṣé kò sí ohun tó fọ́?"

"Kò tíì sí," ni ìyá náà dá a lóhùn. "Ó ṣì wà nílẹ̀."